Ọjọ́ tí Lea T Gun Kẹ̀kẹ́ Wọ Maracanã

Àárọ̀ kùtùkùtù

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Ìjọba ìlú Rio de Janeiro ti fún àwọn ará ìlú ní ìsinmi kí ọkọ̀ lè dín kù lójú títì. Ó di ọjọ́ 95 tí iná Òlíḿpíìkì ti ń rin ilẹ̀ Bùràsíìlì kiri, láti ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Brasília. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé e gun òkè Corcovado, níbi tí ère Jésù tó na apá méjèèjì ti dúró láti ọdún 1931. Isabel Salgado, ìyá tó ti gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá fún Bùràsíìlì nígbà èwe rẹ̀, ló gbé ìtùfù náà sókè nídìí ère, tí gbogbo Rio sì tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ọjọ́ náà tó parí, obìnrin mìíràn máa ṣe iṣẹ́ kan nínú pápá ìṣeré Maracanã. Lea T ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Módẹ́ẹ̀lì ni. Nígbà tí wọ́n bí i ní Belo Horizonte lọ́dún 1981, ọkùnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Obìnrin ló mọ ara rẹ̀ sí, obìnrin ló sì ń gbé ayé rẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìṣíde Òlíḿpíìkì ti yàn án pé òun ni yóò ṣíwájú àwọn eléré ìdárayá Bùràsíìlì, orílẹ̀-èdè tó gbàlejò. Látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe Òlíḿpíìkì, kò tíì sí obìnrin trans kan tí ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé irú ipò bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ níbi ìṣíde.

Ìdí tí mo fi fẹ́ tọ ọjọ́ yìí ní wákàtí-wákàtí ni pé ohun méjì pàdé nínú rẹ̀: ohun tí orílẹ̀-èdè kan lè ṣe fún ọmọ rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, àti ohun tó ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú títì. Lọ́dọọdún ni àjọ Transgender Europe máa ń ka iye àwọn èèyàn trans tí wọ́n pa káàkiri àgbáyé, lọ́dọọdún náà ni Bùràsíìlì sì ń wà lókè pátápátá. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló ní kí Lea T ṣáájú òun.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀

Ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn tafàtafà ti ń ta ọfà ní Sambódromo láti mọ ẹni tí yóò kojú ẹni. Kim Woo-jin, ọmọ Kòríà ti Gúúsù, ta ọfà 72, ó sì gba máàkì 700 nínú 720. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì ta irú rẹ̀ rí.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ọfà yìí fẹ́ kí n dúró díẹ̀. Sambódromo ni ojú ọ̀nà ńlá tí àwọn ẹgbẹ́ oníjó sáńbà ń gbà kọjá nígbà Kànífà. Oscar Niemeyer ló yàwòrán rẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n sì ṣí i. Ọdún yẹn gan-an ni orúkọ Roberta Close gba ìlú kan. Ọmọ Rio ni, módẹ́ẹ̀lì ni, obìnrin trans ni. Ìwé ìròyìn Playboy ti Bùràsíìlì gbé àwòrán rẹ̀ jáde lọ́dún náà, àwọn tẹlifíṣọ̀n ń pè é, àwọn ọkùnrin ń sọ pé kò sí arẹwà tó tó o. Ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní London lọ́dún 1989. Nígbà tó wá ní kí ilé ẹjọ́ yí orúkọ òun padà, kí wọ́n kọ obìnrin sórí ìwé òun, wọ́n kọ̀ fún un. Ó di ọdún 2005 kí wọ́n tó gbà. Ọdún mọ́kànlélógún ló wà láàárín ìgbà tí Bùràsíìlì fi ojú rẹ̀ ṣe ẹwà àti ìgbà tí ìjọba Bùràsíìlì gbà pé obìnrin ni.

Mo rántí Roberta Close níhìn-ín nítorí pé tirẹ̀ ló fi ọ̀nà han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó fi hàn pé ìlú lè pàtẹ́wọ́ fún ọ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dun ún, kó sì tún máa fi orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ pè ọ́ ní bánkì, ní ọsibítù àti ní pápákọ̀ òfurufú.

Kó tó di ọ̀sán

Ní etí òkun Copacabana, níwájú òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti jáde fún ìwọ́de. Wọ́n ń kígbe pé kí Michel Temer kúrò nípò. Wọ́n ti yẹ Ààrẹ Dilma Rousseff nípò fún ìgbà díẹ̀ láti ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, igbákejì rẹ̀, Temer, sì ti ń ṣe adelé. Nígbà tó kọ́kọ́ yan àwọn mínísítà rẹ̀, kò sí obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn.

Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà túmọ̀ sí mọ èyí pẹ̀lú: ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n tó yẹ Dilma nípò, ó fọwọ́ sí àṣẹ kan pé gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa pe àwọn travesti àti àwọn èèyàn trans ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ láàárín àwùjọ. Travesti ni àwọn ará Bùràsíìlì ń pe ọ̀pọ̀ lára àwọn obìnrin yìí látọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti fi orúkọ náà bú wọn rí, àwọn fúnra wọn sì ti gbà á padà fi yangàn. Àṣẹ náà kò yí ìwé ìbí ẹnikẹ́ni padà. Ohun tó ṣe ni pé tí obìnrin kan bá jókòó ní gbọ̀ngàn ìdúródè ọsibítù, kí nọ́ọ̀sì má baà dìde ké orúkọ ọkùnrin lé e lórí lójú gbogbo èèyàn. Fún ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí, ó lè dà bí nǹkan kékeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò lọ sí ọsibítù mọ́ nítorí rẹ̀.

Láti aago kan sí aago márùn-ún

Àwọn obìnrin tafàtafà ti gba ojú pápá lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Ní àdúgbò Tijuca, tí kò jìnnà sí Maracanã, ìwọ́de mìíràn ti ń kóra jọ, àwọn ọlọ́pàá yóò sì fi tajútajú tú àwọn èèyàn ká kí ìṣíde tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú gbóná. Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ń gba inú ọkọ̀ ojú irin lọ sí pápá, àwọn ọmọ ogun sì dúró sí ìkòríta.

Kí wọ́n tó dé pápá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Lea T ti wá.

Ọmọ agbábọ́ọ̀lù ni. Toninho Cerezo ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára ikọ̀ Bùràsíìlì tó lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Spain lọ́dún 1982, ikọ̀ Zico àti Sócrates, tí àwọn bàbá wa ṣì máa ń dárúkọ tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé bọ́ọ̀lù òde òní kò dùn mọ́. Lọ́dún 1983, Cerezo lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Roma, lẹ́yìn náà fún Sampdoria, àwọn ará ilé rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ sí Ítálì. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti dàgbà, nínú ilé onígbàgbọ́ Kátólíìkì, pẹ̀lú orúkọ bàbá tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹ ronú ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọkùnrin Cerezo: ẹsẹ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù. Àṣírí tó wà lọ́kàn ọmọ náà kò sí lára ohun tí ilé agbábọ́ọ̀lù Kátólíìkì tètè ń rí sọ̀rọ̀ lé lórí, Lea T fúnra rẹ̀ sì ti sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò léraléra pé ọ̀nà náà kò rọrùn fún òun tàbí fún ẹbí òun.

Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ni Riccardo Tisci, aránṣọ ọmọ Ítálì. Òun nìkan ni ọkùnrin láàárín ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ bí, obìnrin mẹ́jọ ló bá a dàgbà. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Lea kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lókìkí. Nígbà tí Tisci di ọ̀gá àwọn aránṣọ ní Givenchy ní Paris lọ́dún 2005, Lea bá a ṣiṣẹ́, ó ń ràn án lọ́wọ́, ó sì ń wọ aṣọ tí wọ́n ń rán kí wọ́n lè rí bó ṣe jókòó lára. Lẹ́tà T tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ti Tisci ni. Ó fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe tirẹ̀.

Ọdún 2010 ni Tisci gbé e kúrò lẹ́yìn ilé wá sí ojúde. Ó fi í sínú ìpolówó aṣọ ìgbà òtútù Givenchy, láàárín àwọn módẹ́ẹ̀lì yòókù. Wọ́n kò fi sí igun kan lọ́tọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Vogue ti Paris gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Lọ́dún 2011, òun àti Kate Moss wà lójú ìwé ìròyìn Love, wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ó jókòó sórí àga Oprah Winfrey ní Amẹ́ríkà. Ó sì padà sí Bùràsíìlì wá rìn lórí pèpéle ìfihàn aṣọ ní São Paulo fún Alexandre Herchcovitch. Lọ́dún 2014, Redken, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìtọ́jú irun, fi ojú rẹ̀ ṣe ojú ọjà rẹ̀ káàkiri àgbáyé. Kí ìgbà yẹn tó dé, iléeṣẹ́ ohun ẹ̀ṣọ́ ńlá kò gbé irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ fún obìnrin trans tí ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ka gbogbo èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé àánú ni wọ́n fi gbé e dé Maracanã. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti fi ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Ó sì mọ̀ dáadáa pé orí ló yọ òun. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn travesti ní Bùràsíìlì ni ilé lé jáde ní kékeré, tí ilé ẹ̀kọ́ lé jáde, tí kò sí ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ títì ní òru ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti Lea T ni ọ̀rẹ́ kan tó ní iṣẹ́ tí ó lè fún un, tó sì fún un.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Ìṣíde bẹ̀rẹ̀. Aago méjìlá òru ti lù ní Nàìjíríà, ọjọ́ Àbámẹ́ta ti wọlé síbẹ̀, àwọn tó sì ṣì jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n kò tíì bọ́ nínú ayọ̀ àná: àwọn ọmọ wa dé Manaus lọ́jọ́ ìdíje gan-an, wọ́n sì na Japan 5-4, Oghenekaro Etebo nìkan ju mẹ́rin sínú àwọ̀n.

Fernando Meirelles, Daniela Thomas àti Andrucha Waddington ló darí eré náà. Owó tí wọ́n ní kò tó ti Òlíḿpíìkì London rárá, wọ́n sì fi ọgbọ́n rọ́pò owó. Paulinho da Viola jókòó pẹ̀lú gìtá, ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kọ orin orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ni ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: igbó, àwọn onílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí, àti àwọn baba ńlá wa, àwọn oníjó tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ wúwo lórí ilẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ọmọ Áfíríkà ni wọ́n kó dé Bùràsíìlì, orílẹ̀-èdè náà ló sì kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà gbogbo láti fòpin sí oko ẹrú, lọ́dún 1888. Inú mi dùn pé wọ́n kò fo ibẹ̀.

Gisele Bündchen jáde. Ó rin gbogbo gígùn pápá nínú aṣọ tó ń kọ mànà, bí Daniel Jobim ti ń fi dùùrù lu orin tí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe. Herchcovitch ló rán aṣọ náà, aránṣọ kan náà tó gbé Lea T sórí pèpéle ní São Paulo. Módẹ́ẹ̀lì tó lówó jù lọ tí Bùràsíìlì bí ló kọ́kọ́ gba ojú pápá. Módẹ́ẹ̀lì mìíràn ń dúró de àkókò tirẹ̀ nínú ọ̀nà abẹ́ àga.

Lẹ́yìn Gisele ni Màmá Elza Soares. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n jókòó sórí àga, ohùn wọn sì gba gbogbo pápá. Orin tí wọ́n kọ ni Canto de Ossanha, tí Baden Powell àti Vinicius de Moraes ṣe ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú. Ọ̀sányìn ni Ossanha yẹn, Ọ̀sányìn tiwa, oníṣègùn, tó ni gbogbo ewé. Lọ́dún tó ṣáájú, Màmá Elza ti gbé àwo orin kan jáde tí ọ̀kan nínú orin rẹ̀ sọ ìtàn travesti kan tí ayé ń lé kiri. Òtòṣì ni Elza gan-an nígbà èwe, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kọrin lé lórí.

Mi ò lè gba ibí yìí kọjá láìsọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa nílé kò mọ̀. Àwọn travesti Bùràsíìlì ní èdè kan láàárín ara wọn tí wọ́n ń pè ní pajubá. Potogí ni egungun rẹ̀, àmọ́ Yorùbá ni púpọ̀ nínú ẹran ara rẹ̀. Oúnjẹ ni ajeum. Ọtí ni otim. Ọkùnrin ni ocó. Ilé ni ilê. Ohun tó dára ni odara. Inú ilé òrìṣà, nínú Candomblé, ni wọ́n ti mú un, nítorí pé nígbà tí ilé lé wọn, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà gbà wọ́n, wọ́n fún wọn ní àwo, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́, wọ́n sọ wọ́n di ọmọ. Nígbà ìjọba ológun, láti 1964 sí 1985, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, àwọn ọlọ́pàá ń kó wọn lójú títì. Lọ́dún 1987, ọlọ́pàá São Paulo ṣe odindi ètò kan tí wọ́n pè ní Tarântula láti máa mú wọn lóru. Èdè tí ọlọ́pàá kò gbọ́ ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa gbé sọdá òkun nínú ìgbèkùn ló tún wá gba àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ìdánwò àṣewọlé yunifásítì Bùràsíìlì, tí wọ́n ń pè ní ENEM, fi ìbéèrè kan sílẹ̀ nípa pajubá lọ́dún 2018, ariwo ta, Jair Bolsonaro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ sì bínú sí i. Èmi ń ronú pé ìbéèrè náà kan àwa náà.

Aago mẹ́sàn-án kọjá

Àwọn eléré ìdárayá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó ju 11,000 lọ, ikọ̀ wọn sì jẹ́ 207. Gíríìsì ṣáájú bí ìṣe, àwọn yòókù tẹ̀ lé e ní ìlànà a-b-d ti èdè Potogí. Níwájú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹnì kan wà lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ewé àti òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí orúkọ orílẹ̀-èdè wà lára rẹ̀. Eléré kọ̀ọ̀kan gba irúgbìn igi kan, ó sì lọ fi sínú àpótí tó ń dán bíi dígí, kí wọ́n lè fi gbin igbó kan sí Deodoro lẹ́yìn ìdíje.

Nígbà tó kan Nàìjíríà, Olufunke Oshonaike ló gbé àsíá. Tẹníìsì orí tábìlì ni iṣẹ́ rẹ̀, Òlíḿpíìkì rẹ̀ kẹfà sì ni, láti Atlanta ọdún 1996 wá. Ó tó kí a yọ̀ fún un.

Ìwọlé yìí gùn. Ó gba wákàtí méjì àti díẹ̀.

Aago mọ́kànlá alẹ́

Ikọ̀ àwọn ogúnléndé wọlé, àwọn mẹ́wàá péré, Rose Lokonyen ọmọ Gúúsù Sudan ló gbé àsíá Òlíḿpíìkì níwájú wọn. Gbogbo pápá dìde fún wọn. Ìwọlé wọn túmọ̀ sí pé ikọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ti Bùràsíìlì.

Lea T wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde sínú ìmọ́lẹ̀, orúkọ Bùràsíìlì wà níwájú rẹ̀, ewé tútù yí i ká. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yane Marques gbé àsíá, ọmọ ìlú kékeré kan ní Pernambuco tó gba bàbà nínú ìdíje eré márùn-ún lọ́dún 2012. Ìbò ará ìlú ló fi borí àwọn ọkùnrin tó ju òun lọ ní òkìkí, òun sì ni obìnrin kejì tó gbé àsíá Bùràsíìlì wọ Òlíḿpíìkì. Obìnrin méjì ló wà níwájú, ikọ̀ ńlá tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń retí ń tẹ̀ lé wọn. Ariwo tó sọ nínú Maracanã, ariwo ilé ni.

Mo ti wo ìgbà yẹn nínú fídíò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò pẹ́. Kámẹ́rà kọjá lórí rẹ̀, ó lọ bá àsíá, ó lọ bá àwọn eléré tó ń fò sókè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wa kẹ̀kẹ́, ó ní láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí kẹ̀kẹ́ lè lọ. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ ẹni tó ṣíwájú Nàìjíríà, tàbí Gíríìsì, tàbí Tonga. Wọn kò fi í ṣe ìran. Ní Bùràsíìlì tó ti ń sanwó láti wo irú obìnrin rẹ̀ nígbà Kànífà, iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ yìí, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan náà: mú àlejò wọlé, fi ọ̀nà hàn wọ́n. Èyí tó fi ju ti àwọn yòókù lọ ni pé àwọn ọmọ ilé ló ń mú wọlé.

Kí ó tó di ọjọ́ náà ni ó ti sọ fún àwọn oníròyìn pé ohun tí òun ń wá ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe kù sẹ́yìn. Nígbà tó débẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Kò sí ẹ̀rọ agbóhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwòrán rẹ̀ ti gba orí ayélujára láti São Paulo dé Manila, lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí ẹnì kankan nílé wọn tí wọ́n lè fi àwòrán náà hàn.

Aago méjìlá òru

Nígbà tí Temer sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó fi ṣí ìdíje, wọ́n hó lé e lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yára fi orin àti iná aláràbarà bo ariwo náà. Gustavo Kuerten gbé iná wọlé, ó fún Hortência, Hortência fún Vanderlei de Lima. Ọmọ Bùràsíìlì tó ń ṣáájú nínú eré ìje jíjìn ní Athens lọ́dún 2004 ni, tí ẹnì kan já sí ojú ọ̀nà tó dì í mú, tó sì fi báyìí pàdánù wúrà, síbẹ̀ tó sáré dé òpin pẹ̀lú ẹ̀rín. Òun ni wọ́n ní kó tan iná ńlá náà. Ẹni tí wọ́n ti dí lọ́nà rí ni wọ́n fún ní ọlá tó kẹ́yìn. Èrò rere ni, ó sì bá èyí tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú mu.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ karùndínlógún oṣù Kejì ọdún 2017, ní Fortaleza, àwọn ọkùnrin kan lu Dandara dos Santos lójú títì ní ọ̀sán gangan, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀, wọ́n sì pa á. Travesti ni, ọmọ ọdún 42. Ọ̀kan nínú wọn ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, fídíò náà sì tàn káàkiri. Ó gba orí ayélujára kan náà tó gbé àwòrán Lea T. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí nígbà gbogbo tí mo bá gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé tí ayé bá ti rí wọn, wàhálà ti tán. Gbogbo ayé rí Dandara.

Ohun tó ń gba ẹ̀mí là, òfin àti ìwé ni, àti àwọn tó ń jà fún wọn láìsinmi. Àwọn tó pa Dandara jẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì rán ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bùràsíìlì dájọ́ pé ẹni tó jẹ́ trans lè yí orúkọ àti ìdánimọ̀ rẹ̀ padà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, láìṣe iṣẹ́ abẹ, láìlọ bẹ adájọ́. Ohun tí Roberta Close fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún di ohun tí èèyàn ń ṣe láàárọ̀ kan. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ náà sọ pé ìkórìíra sí wọn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin tó dẹ́kun ìkórìíra ẹ̀yà.

Ní Belo Horizonte, ìlú tí wọ́n ti bí Lea T, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Duda Salabert díje fún ipò kańsẹ́lọ̀ lọ́dún 2020. Obìnrin trans ni. Ìbò tó gbà ju ti ẹnikẹ́ni tó díje fún ipò náà lọ. Lọ́dún 2022, ó díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí i pé àwọn yóò pa á. Ẹ̀wù tí ọta ìbọn kò lè wọ̀ ló wọ̀ lọ dìbò fún ara rẹ̀. Ó wọlé, Erika Hilton láti São Paulo náà wọlé, àwọn méjèèjì sì ni obìnrin trans àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sínú ilé ìgbìmọ̀ náà.